Bí Ẹ Ṣe Lè Dé Muktinath Lórí Òkè Nepal, Kí Ẹ sì Sọ̀kalẹ̀ ní Àlàáfíà

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òǹkàwé wa ń bi mí ṣáá, yálà wọ́n wà l'Ékòó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù: "Ṣé a lè wọ ọkọ̀ òfurufú láàárọ̀, ká wẹ̀ nínú omi ojúbọ Muktinath lọ́sàn-án, ká sì sùn sórí òkè níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn?" Àwọn kan nínú yín ti fẹ́ ọmọ Íńdíà tàbí ọmọ Nepal, àwọn àna sì ti ní kí ẹ bá àwọn lọ. Àwọn mìíràn fẹ́ràn gígun òkè. Oníṣẹ̀ṣe náà ń béèrè, nítorí ó wù wọ́n láti fojú ara wọn rí bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń bọ omi àti òkúta.

Èsì kan náà ni mo ní fún gbogbo yín. Ẹ ó dé ibẹ̀, àtọmọdé àtàgbà ló ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gun òkè yẹn láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ sun ìsàlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó kéré tán, kí ẹ tó gòkè.

Agbègbè Mustang ni Muktinath wà, ó sì ga ju mítà 3,700 lọ láti ojú òkun. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń bọ Vishnu, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá wọn, níbẹ̀. Ibi mímọ́ ló jẹ́ fún àwọn ẹlẹ́sìn Búdà náà, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà sì wà lára àwọn tó ń tọ́jú ọgbà rẹ̀.

## Kí ẹ tó san kọ́bọ̀: ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín

Ìwé ìtọ́sọ́nà táwọn òyìnbó kọ kì í sábà sọ̀rọ̀ lórí èyí, torí ẹ̀ ni mo ṣe fi ṣáájú. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí èèyàn ń rí mí ní Muktinath kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tó wà létí òkun l'Ékòó. Bí ọ́síjìn bá dín kù báyìí, ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bíi dòjé, á sì dí ojú iṣan. Otútù máa ń ru ìrora náà sókè, òùngbẹ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló pé sí Muktinath: afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, atẹ́gùn gbígbẹ, àti omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín.

- SS tàbí SC: ẹ má lọ láìjẹ́ pé dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí Pokhara, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè, jẹ́ òpin ìrìn àjò yín. Mo ti kọ ohun tí ẹ lè ṣe dípò rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.
- AS: ọ̀pọ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ láìsí wàhálà. Síbẹ̀, àwọn AS kan wà tí ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì máa ń bàjẹ́ lára wọn bí wọ́n bá dé orí òkè gíga. Bí ìhà òsì bá ń dùn yín gan-an lókè, ẹ sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé AS ni yín. Dókítà Nepal lè má ronú kàn án rárá bí ẹ kò bá sọ ọ́.
- AA: ẹ̀yin náà ní láti ṣọ́ra fún àìsàn òkè gíga. Kò mọ AA, kò mọ alágbára.

Ẹ rí dókítà tẹ́lẹ̀ bákan náà bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, ikọ́ fée, tàbí oyún. Ẹ bi í nípa oògùn acetazolamide, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Diamox, tó ń ran ara lọ́wọ́ láti tètè bá òkè mu. Ẹ má rà á lò fúnra yín: ẹni tí ara rẹ̀ ń kọ oògùn tó ní sulfa lè má lè lò ó.

## Ìwé tí ẹ nílò

Físà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣìnà. Ẹ ó gbọ́ pé "pápákọ̀ òfurufú Kathmandu, olú ìlú Nepal, ni wọ́n ti ń gba físà." Òótọ́ ni fún ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Brazil, Benin tàbí Togo. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí kò ní àǹfààní yẹn. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú Nepal kó tó gbéra. Bí ẹ bá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ìwé Nàìjíríà lẹ ń lò, òfin yìí kàn yín. Owó rẹ̀ ní pápákọ̀ jẹ́ dọ́là 30 fún ọjọ́ 15, dọ́là 50 fún ọjọ́ 30.

Káàdì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Nepal ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà, Benin tàbí Togo wá. Íńdíà náà ń béèrè rẹ̀, tí kì í sì í gbọ̀jẹ̀gẹ́, bí ẹ bá ní láti gba ibẹ̀ kọjá. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, nítorí náà kò ṣeé gbà lálẹ́ ọjọ́ tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹ máa gbéra.

Ìwé àṣẹ agbègbè Annapurna, tí wọ́n ń pè ní ACAP. Rúpì Nepal 3,000 ni fún àjèjì. Ẹ gbà á ní Kathmandu tàbí Pokhara, kí ẹ mú fọ́tò kékeré dání. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ láìní in lójú ọ̀nà á san ìlọ́po méjì.

Ìbánigbófò ìrìn àjò. Ẹ kà á dáadáa: ó gbọ́dọ̀ kárí gíga mítà 4,000, kó sì kárí helikópítà ìdóòlà. Ọ̀pọ̀ èyí tó pọ́ọ́kú kò kárí rẹ̀.

Ẹ mọ èyí náà: ẹ má kọjá abúlé Kagbeni síhà àríwá, lójú ọ̀nà ìlú Lo Manthang. Ìwé àṣẹ àrà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ó sì wọ́n gógó. Ìhà ìlà-oòrùn ni ọ̀nà Muktinath yà sí láti Kagbeni.

## Ìgbà tó dára

Oṣù Kẹta sí Oṣù Karùn-ún, àti Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kọkànlá. Láàárín Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní Mustang fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí ẹ máa gbà débẹ̀ láti Pokhara ni ilẹ̀ ti ń ya. Láti Oṣù Kejìlá, yìnyín àti òtútù ni.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ibi tí èrò pọ̀ sí, ẹ yẹra fún àjọ̀dún Híńdù méjì: Janai Purnima, ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú tó sábà máa ń bọ́ sí Oṣù Kẹjọ, àti Ram Navami nígbà ìrúwé.

## Ẹrù

- Aṣọ òtútù tó nípọn, fìlà, ìbọ̀wọ́
- Aṣọ ìwẹ̀ tó bo ara, àti aṣọ gbígbẹ méjì láti fi pààrọ̀
- Táwẹ̀lì, àti ọ̀rá tí ẹ máa kó aṣọ tútù sí
- Sálúbàtà onírọ́bà tí kì í yọ̀
- Bàtà àti bẹ́líìtì tí kì í ṣe awọ, torí wọn kì í fẹ́ awọ màlúù nítòsí ojúbọ
- Ìpara ojú oòrùn àti ti ètè. Oòrùn òkè máa ń jó aláwọ̀ dúdú náà
- Aṣọ ìbomú, nítorí eruku
- Ìgò omi, àti oògùn tí ẹ ń lò déédéé
- Owó rúpì gidi lọ́wọ́

Náírà kì í ṣeé pààrọ̀ níbẹ̀. Ẹ mú dọ́là lọ, kí ẹ ṣẹ́ ẹ ní Kathmandu tàbí Pokhara. Ẹ̀rọ ATM wà ní Jomsom, ìlú kékeré tó wà nísàlẹ̀ Muktinath, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ló ń pọ owó.

## Ìrìn àjò náà láti ìbẹ̀rẹ̀

1. Kathmandu. Ẹ sinmi ọjọ́ kan. Ẹ ra síìmù. Ti Nepal Telecom ló sábà máa ń já geere lórí òkè. Bí ẹ bá lọ wo Pashupatinath, ojúbọ Híńdù tó wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Híńdù wọ inú ilé òrìṣà ńlá níbẹ̀. Òdìkejì odò lẹ ó ti máa wò ó. Ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́. Àwa náà ní igbó àti ìyẹ̀wù tí ọ̀gbẹ̀rì kì í wọ̀.

2. Pokhara. Ọkọ̀ òfurufú kò gbà tó wákàtí kan láti Kathmandu. Bọ́ọ̀sì lè gba ọjọ́ kan gbáko. Pokhara kò ga ju nǹkan bíi mítà 820 lọ. Ẹ sùn síbẹ̀.

3. Láti Pokhara sí Jomsom. Ọ̀nà méjì ló wà.
   - *Ọkọ̀ òfurufú kékeré:* nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, láàárín òkè Annapurna àti Dhaulagiri, tí méjèèjì ga ju mítà 8,000 lọ. Àárọ̀ nìkan ló ń fò. Bí agogo mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá bá ti lù, atẹ́gùn àfonífojì Kali Gandaki á bẹ̀rẹ̀ sí í jà, kò sì sí awakọ̀ tó máa dán an wò.
   - *Jíìpù tàbí bọ́ọ̀sì:* gba Beni àti Tatopani. Ó lè gba wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ọ̀nà náà sì gbágungbàgun. Síbẹ̀, èmi a máa yan èyí fún àgbàlagbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbà á, torí díẹ̀díẹ̀ ni ara ń bá òkè mu. Ẹ lè sùn ní Tatopani, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀.

4. Ẹ sun ìsàlẹ̀. Èyí ni ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fò. Jomsom ga tó nǹkan bíi mítà 2,700. Marpha kò ga tó o díẹ̀. Kagbeni ga tó 2,800. Ẹ sùn sí ọ̀kan nínú wọn, alẹ́ kan ó kéré tán, méjì bí ẹ bá bá ọkọ̀ òfurufú wá. Ẹni tó fò láti Pokhara, tó sì gun Muktinath lọ́jọ́ kan náà, ti fi gíga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 3,000 kún gíga tó wà ní wákàtí díẹ̀ sẹ́yìn. Ara èèyàn kò lè bá a yára bẹ́ẹ̀. Ẹ mu omi, ẹ má mu ọtí. Marpha ni mo fẹ́ràn jù: ilé olókùúta funfun, ọgbà ápù káàkiri, òpópónà tóóró tí atẹ́gùn kì í lè dà láàmú.

5. Jíìpù sí Ranipauwa, abúlé tó wà nísàlẹ̀ ilé òrìṣà. Ẹ gbéra ní kùtùkùtù, kí atẹ́gùn tó dé. Wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ ni láti Jomsom. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, eruku odò á ti máa fẹ́ wọ imú àti eyín, ibẹ̀ ni aṣọ ìbomú ti wúlò.

6. Ìrìn ìkẹyìn. Ọkọ̀ kì í dé ẹnu ilé òrìṣà. Láti Ranipauwa, nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ ó fi gòkè, àtẹ̀gùn sì wà níbẹ̀. Ẹ rìn bí ẹni pé ẹ̀gún wà nílẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ̀rọ̀ já geere lẹ́nu ìrìn, ẹ ti ń yára jù. Ẹṣin wà fún ẹni tí orúnkún ń dà láàmú; ẹ dúnàádúrà kí ẹ tó gùn ún, kí ẹ béèrè bóyá owó náà kan àbọ̀.

7. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ kan náà. Ẹ padà lọ sùn ní Kagbeni tàbí Jomsom.

## Nínú ọgbà Muktinath

1. Ẹ kí àwọn èèyàn pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa pọ̀ níwájú àyà: "Namaste." Ọkùnrin tó bá ju yín lọ, "dai" lẹ ó pè é, obìnrin, "didi." Ẹni tó bá ti mọ "ẹ̀gbọ́n" í pè kò ní í ṣì í.

2. Ẹ bọ́ bàtà níbi tí wọ́n bá fi hàn yín. Ẹ ṣí fìlà, ẹ pa fóònù mọ́ nítòsí ojú òrìṣà. Ẹ má jẹ ẹran, ẹ má mu ọtí ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn.

3. Omi ló kàn. Ní ẹ̀yìn ilé òrìṣà, ògiri kan tẹ̀ yíká bí àbọ̀ agbo, orí màlúù onídẹ 108 sì tò sára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú omi jáde lẹ́nu. Olùjọsìn á bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan, á tẹ orí ba, á máa sá kọjá lábẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé ìpẹ̀kun kejì. Omi náà tutù débi pé èémí máa ń há sí ọ̀fun ní ẹnu bíi mẹ́ta àkọ́kọ́. Òkúta tí ẹ ń tẹ̀ ń yọ̀. Ẹ wọ sálúbàtà onírọ́bà bí wọ́n bá gbà á, ẹ má sáré àsápajúdé.

4. Lẹ́yìn èyí, omi ìkùdu méjì wà níwájú ilé òrìṣà. Àwọn tó bá wẹ̀ tán lábẹ́ ẹnu omi ń rì bọ ìkíní, wọ́n á tún bọ́ sí ìkejì.

5. Ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ lójú ẹsẹ̀. Ibi ìpààrọ̀ aṣọ wà fún obìnrin. Ẹ má dúró ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ tútù lára nínú atẹ́gùn yẹn.

6. Ẹ tò sórí ìlà láti rí òrìṣà. Bí ẹ kò bá jẹ́ Híńdù, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ bóyá ẹ lè wọlé tàbí kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá fún yín ní oúnjẹ ìbùkún, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi gbà á. Èyí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá.

7. Ẹ má padà láì dé ojúbọ Jwala Mai nítòsí ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ gáàsì ń jáde láti inú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, iná kékeré aláwọ̀ búlúù sì ń jó níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ lè rí i, torí inú ihò tí wọ́n bò ló wà.

Bí ẹ kò bá lè wẹ̀: àgbàlagbà, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹni tí AS rẹ̀ ń bà lẹ́rù, ẹ fi ọwọ́ bomi, ẹ wọ́n ọn sórí. Ọ̀pọ̀ olùjọsìn ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn wí. Mo bẹ yín, ẹ má jẹ́ kí àna tàbí ẹlẹgbẹ́ ìrìn àjò fi ìtìjú tì yín sínú omi yẹn.

Òkúta dúdú shaligram tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà jẹ́ àmì Vishnu. Ìkarawun ẹran inú òkun àtijọ́ tó di òkúta ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ má ta á nípàá, ẹ má fi dẹ́rìn-ín. Kí ẹ tó kó o sínú ẹrù, ẹ bi àwọn aṣọ́bodè Nepal.

## Àmì àìsàn òkè gíga

Ẹ lẹ èyí mọ́ orí fóònù yín.

*Dúró, má gòkè mọ́:* orí fífọ́, èébì tàbí inú rírú, òòyì, àìlèsùn, àìfẹ́ jẹun.

*Sọ̀kalẹ̀ nísinsìnyí, kódà bó jẹ́ òru:* èémí tí kò balẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ikọ́ tó ń mú itọ́ pupa tàbí eléfòófòó wá, ẹsẹ̀ tó ń ta bí ti ọ̀mùtí, ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí.

Ẹni tó ń ṣàìsàn yìí kì í sábà mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pinnu fún un. Ẹ má ní kó sùn ná, kí ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe máa mọ́. Ẹ wá jíìpù, ẹ gbé e lọ sísàlẹ̀. Ilé ìwòsàn wà ní Jomsom. Ẹ má fún un ní oògùn oorun, ẹ má sì dá a nìkan rán lọ.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Bíbá awakọ̀ òfurufú jà. Bí wọ́n bá ní ojú ọjọ́ kò dára, ẹ gbà. Ní Oṣù Karùn-ún 2022, ọkọ̀ kan tó gbéra ní Pokhara lọ sí Jomsom já, gbogbo èèyàn 22 inú rẹ̀ ló kú.
- Yíyí padà di agunkè lójijì. Ní Muktinath, ẹ ó rí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Thorong La, ọ̀nà tó la orí òkè kọjá, tó ga ní mítà 5,416. Ọjọ́ púpọ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ìjì yìnyín Oṣù Kẹwàá 2014 pa àwọn tó lé ní 40 ní agbègbè yẹn. Bí ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi rìn, ẹ gba afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Láti ọdún 2023 ni ìjọba Nepal ti pa á láṣẹ fún àjèjì.
- Gbígbẹ́kẹ̀lé agbára ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ tó ń sáré lójoojúmọ́ ló sábà máa ń yára gòkè, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ bì.

## Bí òkè kò bá ṣeé gùn fún yín

Ilé òrìṣà Manakamana wà láàárín ọ̀nà Kathmandu sí Pokhara. Kò ga ju nǹkan bíi mítà 1,300 lọ, ọkọ̀ orí okùn ló sì ń gbé èèyàn gòkè láti Kurintar. Ní Pokhara fúnra rẹ̀, ilé òrìṣà Tal Barahi wà lórí erékùṣù kékeré nínú adágún Phewa. Ọkọ̀ ojú omi lẹ ó wọ̀ débẹ̀. Ẹni tó jẹ́ SS lè fi ọjọ́ méjì gbádùn méjèèjì nígbà tí àwọn yòókù bá gòkè, kí gbogbo yín tún pàdé létí adágún.

## Àbọ̀

Ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ láàárín ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kúrò ní Jomsom àti ọjọ́ tí ọkọ̀ òfurufú yín máa kúrò ní Kathmandu. Ọkọ̀ kékeré Jomsom lè má fò fún ọjọ́ méjì léra. Bí wọ́n bá fagi lé e láàárọ̀, ẹ gba owó yín padà tàbí ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì gba ibùdó jíìpù lọ lójú ẹsẹ̀, torí gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà ló ń bọ̀ wá wá ìjókòó. Ẹ béèrè jíìpù tó ń lọ tààrà sí Pokhara. Bí kò bá sí, ẹ wọ èyí tó ń lọ sí Beni, ẹ ó rí ọkọ̀ Pokhara níbẹ̀.